Ta ló pa àwọn ilé ìtajà ńlá Southdale: íntánẹ́ẹ̀tì ni, àbí àwọn tó ni wọ́n?

AjéWọlé:

Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, ẹ bá wa dá sí àríyànjiyàn kan. Southdale ni, mọ́ọ̀lù tó wà ní Edina, lẹ́yìn ìlú Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 1956. Ilé ìtajà ńlá méjì, irú èyí tó ń ta onírúurú ọjà tó sì ń fa èrò wá sí mọ́ọ̀lù, ló gbé e dúró nígbà náà: Dayton's àti Donaldson's. Lónìí, ẹ kò lè rí orúkọ kankan nínú méjèèjì lára ògiri rẹ̀. Donaldson's ti pòórá. Dayton's di Marshall Field's, ó tún di Macy's. J.C. Penney tó wọlé ní 1972 ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọ́n sì wó ilé náà. Àwọn kan ní Amazon ló fà á. Àwọn mìíràn ní Mall of America ni, mọ́ọ̀lù ńlá mìíràn tó wà nítòsí ibẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwọn olówó ibẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn fà á. Ta ló jàre? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé Southdale ni àkọ́kọ́, nítorí mo rí àwọn tó ní irọ́ ni.

———

Kọ́léńlé:

Ẹ jẹ́ ká tètè lé ti "àkọ́kọ́" yẹn kúrò nílẹ̀. Ọjà abẹ́ òrùlé ti wà tipẹ́. Ọ̀kan wà ní Providence, ní Rhode Island, láti 1828. Mọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ìlú náà ti wà kí Southdale tó dé. Northgate ní Seattle ṣí ní 1950, Northland lẹ́bàá Detroit ṣí ní 1954, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, ó ń pa ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ará Appleton ní Wisconsin sì ń jà pé Valley Fair tiwọn, tó ṣí ní 1955, ló kọ́kọ́ ní òrùlé. Wọ́n lẹ́jọ́ tí wọ́n lè rò.

Ohun tí Southdale fi ju àwọn yòókù lọ ni àkópọ̀: òrùlé lórí gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un móoru lọ́gìnnìtìn tó sì ń mú un tutù lẹ́ẹ̀rùn, àjà méjì, àti ilé ìtajà ńlá méjì tó ń bá ara wọn díje tí wọ́n jọ dojú kọ àgbàlá kan. Àkópọ̀ yìí ni gbogbo ayé wá ṣe àwòkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo "àkọ́kọ́" láì sọ àkọ́kọ́ kí ni, ẹ má dá a lóhùn.

———

AjéWọlé:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa sọ díẹ̀ sí i nípa kíkọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ pé àgbàlá àárín yẹn, owó ṣòfò ni.

———

Kọ́léńlé:

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́ ṣọ́ọ̀bù rí níbi tí yìnyín ti ń jábọ́.

Victor Gruen ló yàwòrán rẹ̀, ọmọ Vienna tí wọ́n bí ní 1903, tó sá fún ìjọba Násì wá sí Amẹ́ríkà ní 1938. Òun náà ló ya Northland fún ilé ìtajà Hudson's. Nígbà tí àwọn Dayton pè é wá sí Minnesota, ojú ọjọ́ ni wàhálà àkọ́kọ́. Òtútù ibẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ ju òdo Fahrenheit lọ nígbà ọ̀gìnnìtìn, ooru ẹ̀ẹ̀rùn sì lè gun 90 kọjá. Ìṣirò tí Gruen gbé síwájú wọn ni pé ọjọ́ 126 péré lọ́dún ni ojú ọjọ́ dára fún rírìn kiri ọjà. Ìyókù ọdún, èèyàn yóò ra ohun tó pọn dandan, yóò sì sá wọ mọ́tò.

Ó wá bo gbogbo rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ sí nǹkan bí 75 Fahrenheit, ìyẹn 24 Celsius, lójoojúmọ́ ayé. Ẹ wo ibi tí owó ti padà wọlé. Bí àgbàlá bá ti móoru, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan kò nílò ilẹ̀kùn onígíláàsì àti ògiri tó le níwájú mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu, oníbàárà kò ní láti pinnu kó tó wọlé. Ògiri tó ń fojú kan òtútù dínkù, nítorí ṣọ́ọ̀bù fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìmúlémóoru kékeré méjìléláàádọ́rin fún ṣọ́ọ̀bù 72 kò pọn dandan mọ́, èyí tó wà fún gbogbo ilé ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, àgbàlá yẹn kì í ṣe afẹ́. Inú owó tó yẹ kó bá ògiri lọ ni wọ́n ti yọ apá kan owó rẹ̀.

Lóòótọ́, wọ́n kó nǹkan ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀: adágún ẹja, kéèjì ẹyẹ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 21, ibi mímu kọfí, òdòdó tó rọ̀ sísàlẹ̀ láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, àti igi onírin aláwọ̀ wúrà méjì tí Harry Bertoia ṣe. Gbogbo rẹ̀ ná 20 mílíọ̀nù dọ́là, fún ilé tó tó 800,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó.

———

Kọ́léńlé:

Mo gbàgbé àjà méjì, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn tó ṣe àwòkọ ti ń kùnà.

Bí ẹ bá to ṣọ́ọ̀bù 72 sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ìrìn yóò gùn, oníbàárà yóò ti rẹ̀ kó tó dé ìdajì. Bí ẹ bá sì gbé ìdajì lọ sókè, àwọn èèyàn kì í fẹ́ gòkè. Ọgbọ́n tí Gruen dá ni pé ó gbẹ́ ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí sí ìpele méjì. Ẹni tó gbé mọ́tò sí apá kan wọlé sí àjà ìsàlẹ̀, ẹni tó gbé e sí apá kejì wọlé sí àjà òkè, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun wà ní "òkè". Àkàbà oníná ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, èèyàn rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tó kọ́ tiwọn lẹ́yìn náà gbé àjà méjì, wọn kò gbẹ́ ilẹ̀, nítorí iṣẹ́ katakata wọ́n. Gbogbo mọ́tò wà nísàlẹ̀, gbogbo ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí àjà òkè fi ń ṣòfò, tí owó ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ fi ń já wálẹ̀, tí ibẹ̀ fi di ibi ìtajẹ-ìtamu àti ọ́fíìsì eléyín. Bí ẹ bá dé mọ́ọ̀lù tí òkè rẹ̀ ti kú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà láàyè, ẹ yí i po níta, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ ilẹ̀.

———

Aláròyé:

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ìdáhùn mi kò gùn: íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ta ló tún fẹ́ wa mọ́tò lọ ra bàtà nígbà tí bàtà ń bọ̀ wá bá a nílé?

———

ÌwéÀdéhùn:

Aláròyé, ẹ má bínú, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò bá ẹjọ́ yín mu. Orúkọ Donaldson's kúrò nílẹ̀ ní 1987, nígbà tí wọ́n tà á fún iléeṣẹ́ Carson Pirie Scott. Amazon kò tíì sí nígbà náà; 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Carson náà kò pẹ́ níbẹ̀, ó ta àwọn ilé rẹ̀ ní agbègbè Minneapolis ní 1995 fún Dayton Hudson, iléeṣẹ́ tó ni Dayton's, èyí tó sọ ti Southdale di Mervyn's. Mervyn's ti ilẹ̀kùn ní 2004. Herberger's wọ inú ilé kan náà ní 2011, ó sì bá iléeṣẹ́ tó ni ín, Bon-Ton, ṣubú ní 2018. Ẹ wò ó: ilé kan, orúkọ mẹ́rin. Íntánẹ́ẹ̀tì lè bá Herberger's dé ibojì, kò mọ nǹkan kan nípa àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

Iye àwọn tó ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé nígbà tí ilé ìtajà ńlá ti pàdánù ìdajì ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

———

Kọ́léńlé:

Àǹtí ÌwéÀdéhùn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ fojú inú wo ilé ìtajà ńlá ní 1956: aṣọ, bàtà, ìpara àti lọ́fíńdà, àga àti bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ohun ìdáná, ohun ìṣeré ọmọdé, ìwé, ilé oúnjẹ. Ìdí tó fi nílò àjà mẹ́ta sí mẹ́rin nìyẹn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ń já bọ́. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bọ́ sọ́wọ́ Best Buy, ọmọ Minnesota fúnra rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní St. Paul ní 1966 pẹ̀lú orúkọ Sound of Music, tó sì yí orúkọ padà ní 1983. Ohun ìṣeré àti àga bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò tà ju irú ọjà yẹn lọ. Aṣọ àti ìpara ló ṣẹ́kù. Bí aṣọ àti ìpara nìkan bá wà nínú ilé alájà mẹ́ta, a jẹ́ pé àjà kan àbọ̀ ń jẹ owó iná lásán.

———

AjéWọlé:

Ẹ gbà pé àwọn fúnra wọn nìyẹn, àbí?

———

ÌwéÀdéhùn:

Ó ju bí o ṣe rò lọ, àbúrò. Ẹ rántí ẹni tó ni Southdale. Iléeṣẹ́ Dayton ló ra ilẹ̀, ó kọ́ mọ́ọ̀lù, ó sì fi ilé ìtajà ara rẹ̀ sí ẹnu kan. Ní ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, iléeṣẹ́ kan náà ṣí Target àkọ́kọ́ ní Roseville, ìlú kan lẹ́yìn St. Paul. Ilé àjà kan, ó dá dúró, kò sí nínú mọ́ọ̀lù, mọ́tò dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń tajà lówó pọ́ọ́kú. Ọdún yẹn kan náà ni Kmart àti Walmart bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta lọ́dún kan.

Target yìí ló dàgbà tó gbé bàbá rẹ̀ mì. Ní 1969 Dayton dàpọ̀ mọ́ Hudson's ti Detroit, wọ́n di Dayton Hudson. Ní 1978 wọ́n ta àwọn mọ́ọ̀lù wọn, Southdale pẹ̀lú, fún iléeṣẹ́ adójútòfò Equitable. Ní 2000, iléeṣẹ́ ńlá náà sọ ara rẹ̀ ní Target Corporation. Ọdún kejì, wọ́n pa orúkọ Dayton's rẹ́, wọ́n sọ gbogbo wọn di Marshall Field's, orúkọ ilé ìtajà mìíràn tí wọ́n ti ní. Ní 2004 wọ́n tà á dànù fún iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ May. Federated, iléeṣẹ́ tó ni Macy's, ra May ní 2005, nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2006, gbogbo rẹ̀ di Macy's. Kò sí ọ̀tá kankan láti ìta nínú ìtàn yìí títí di ìdí rẹ̀. Olówó wo ibi tí èrè pọ̀ sí, ó sì bá èrè lọ.

———

Aláròyé:

Ó dáa, mo gba ti ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Dayton fi pe Donaldson's wọlé? Ta ló ń pe ọ̀tá rẹ̀ wá sínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́?

———

ÌwéÀdéhùn:

Ọ̀rọ̀ èrò ẹsẹ̀ ni. Bí ilé ìtajà ńlá kan bá wà ní ẹnu kan, èrò yóò kóra jọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó wà lódì kejì kò ní rí ẹnikẹ́ni. Bí méjì bá wà, ẹni tó fẹ́ fi iye ẹ̀wù ibí wé ti ọ̀hún gbọ́dọ̀ gba iwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kọjá. Àwọn kéékèèké ló ń san owó gidi, nítorí náà ìrìn yẹn lówó lórí. Bákan náà, bí Dayton kò bá pe Donaldson's, Donaldson's lè ra ilẹ̀ sí ojú kejì títì kó kọ́ tirẹ̀. Wọ́n rò ó pé kí ọ̀tá wà lábẹ́ òrùlé wọn sàn ju kó wà níta lọ.

Ìdí kejì ni ilẹ̀. Kì í ṣe kìkì ilẹ̀ mọ́ọ̀lù ni wọ́n rà. Gbogbo ètò náà kárí 463 éékà. Ilẹ̀ tó yí ọjà tó kún ká máa ń gbówó lórí, wọ́n sì mọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ kíkọ́ mọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu kàn: òfin owó orí. Ní 1954, ìjọba Amẹ́ríkà yí òfin padà kí ẹni tó kọ́ ilé òwò tuntun lè tètè yọ iye tí ilé náà ń dín lọ́dọọdún kúrò nínú èrè rẹ̀, ní pàtàkì ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Lójú ìwé owó orí, ilé tuntun dà bíi pé ó ń pàdánù, bẹ́ẹ̀ owó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni mọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í hù kiri, títí kan ibi tí kò sí ẹni tó béèrè fún un. Ẹni tó bá ní ọjà títà nìkan ló bí mọ́ọ̀lù kò tíì ka òfin yẹn.

———

Ará_Lẹ́kí:

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ yìí sílé díẹ̀. Kingsway ti UAC tó wà ní Marina l'Ékòó láti 1948, àti ti Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé ìtajà ńlá ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀ka bí ẹ ṣe kà á yẹn gan-an, ṣùgbọ́n àárín ìlú ni wọ́n wà, wọn kò ní mọ́ọ̀lù lára. Nígbà tí The Palms wá ṣí ní Lẹ́kí ní ìparí 2005, Shoprite àti Game ló gbé e dúró. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ kíyè sí: Shoprite, oúnjẹ ló ń tà. Èèyàn kì í ra kóòtù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ra búrẹ́dì. Nígbà tí àwọn ará South Africa ta Shoprite ti Nàìjíríà fún àwọn olówó ilé ní 2021, orúkọ ṣì wà lára ògiri, èrò ṣì ń wọlé. Nígbà tí Game kó ẹrù ní 2022, ìyẹn gan-an ni àyè òfìfo tí ẹ ń sọ.

Wàhálà tiwa ní í ṣe pẹ̀lú dọ́là àti dísù. Mọ́ọ̀lù púpọ̀ fi owó ṣọ́ọ̀bù sí dọ́là, nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù ń tajà ní náírà. Bí náírà bá já, owó ilé gòkè láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Owó dísù ẹ̀rọ amúnáwá sì wà lórí rẹ̀.

———

ÌwéÀdéhùn:

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ṣe pàtàkì. Southdale ní súpámákẹ́ẹ̀tì Red Owl àti Woolworth nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan ojoojúmọ́ wà níbẹ̀. Mọ́ọ̀lù tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń lé irú wọn jáde, wọ́n ní kò wuyì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù ti jáde, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìwé àdéhùn mọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe rí, nítorí inú rẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ń san ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni owó ilé tí kì í yẹ̀. Ìkejì ni ìpín nínú ọjà tó tà. Ẹ jẹ́ ká ní owó ilé jẹ́ 60,000 dọ́là lọ́dún, ìpín sì jẹ́ 6 nínú 100. Ẹ fi 6 nínú 100 pín 60,000, ẹ ó rí 1,000,000. Títí tí ọjà tó tà yóò fi dé mílíọ̀nù kan, owó ilé nìkan ló ń san. Bí ó bá ta 1,200,000, ó jẹ ìpín lórí 200,000 tó lé, ìyẹn 12,000 dọ́là. Ìkẹta ni owó ìtọ́jú: iná àgbàlá, ìgbálẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́, kíkó yìnyín kúrò nílẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ń pín in gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe tóbi tó.

Ilé ìtajà ńlá kì í san bẹ́ẹ̀. Òmíràn ń san owó táṣẹ́rẹ́, òmíràn ni ilé àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pátápátá, ó kàn bá mọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ìwé pé a jọ ń lo ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí. Ìwé yẹn lè gùn tó ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, ó sì máa ń sọ pé mọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kọ́ ohunkóhun sórí ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí láì gba àṣẹ gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí mọ́ọ̀lù tó ń kú tí ilẹ̀ òfìfo sì yí i ká, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ nǹkan sí i. Òǹtajà kan ṣoṣo tó kọ̀ ti so gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni gbólóhùn kan tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké máa ń fi sínú ìwé tiwọn: bí ilé ìtajà ńlá bá kúrò tí kò sí arọ́pò láàárín oṣù mélòó kan, wọn kò ní san owó ilé mọ́, ìpín nìkan ni wọn yóò máa san, bí ó bá sì pẹ́ jù, wọ́n lè kó lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ilé ńlá kan kúrò. Owó tí ó ń san kò tó nǹkan, nítorí náà ó dà bíi pé kò sí àdánù. Àmọ́ oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù 20 tó ń san owó gidi dín in kù lọ́jọ́ kan. Owó ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n fi kọ́ mọ́ọ̀lù kò dínkù ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba mọ́ọ̀lù lọ́wọ́ onímọ́ọ̀lù.

———

AjéWọlé:

Ẹ̀rù bà mí o. Ṣé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Minnesota?

———

ÌwéÀdéhùn:

Brookdale. Àwọn Dayton kọ́ "Dale" mẹ́ta lẹ́yìn Southdale: Brookdale ní 1962, Rosedale ní 1969, Ridgedale ní 1974. Brookdale wà ní Brooklyn Center, níbi tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí gan-an báyìí. Àwọn ilé ńlá rẹ̀ ń kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní 2010 mọ́ọ̀lù náà tì pa. Wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Walmart dé sórí ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Sears kò kúrò, ó ń tajà nìṣó fún ọdún mélòó kan lẹ́bàá ibi tí mọ́ọ̀lù wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ibẹ̀ kò tún nílò kí n ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí pé ilé ìtajà ńlá máa ń dá wà lórí ìwé tirẹ̀.

———

Aláròyé:

Mo ti fi Amazon sílẹ̀, mo wá di Mall of America mú. Ó ṣí ní oṣù Kẹjọ 1992 ní Bloomington, kò jìnnà sí Southdale rárá. Ilé ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: Bloomingdale's, Macy's, Nordstrom, Sears. Ibi ìṣeré ọmọdé wà láàárín rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá pa Southdale, kí ni yóò pa á?

———

Kọ́léńlé:

Kò pa á, torí Southdale ṣì wà lórí ìdúró. Ó gba àwọn kan lọ́wọ́ rẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Dayton ṣe kí ìyẹn tó ṣí: wọ́n kọ́ ilé ìtajà tuntun, tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, sí Southdale kan náà, ó ṣí ní 1990, wọ́n sì gé ilé àtijọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Wọn kò lọ sí Mall of America. Ó yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe.

Iṣẹ́ tí Mall of America ń ṣe kò jọ ti Southdale. Arìnrìn-àjò ni apá kan nínú èrò ibẹ̀, ó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni Minnesota kì í gba owó orí ọjà lórí aṣọ, ìdí tí èèyàn fi ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá nìyẹn. Ará Edina tó fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì kan kò ní lọ wá ibi ìgbọ́kọ̀sí láàárín àwọn tó wá gun ẹṣin irin. Bloomingdale's fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 2012, Sears ní 2019. Àìsàn ilé ìtajà ńlá kò yọ ibẹ̀ náà sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń wá ohun tí Southdale pa ní tòótọ́, ẹ wo àárín ìlú Minneapolis. Ó dé, àárín ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí mọ́ọ̀lù: afárá onígíláàsì tó so ilé pọ̀ mọ́ ilé lókè títì bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wọ́n sọ títì Nicollet di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní 1967. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ilé Dayton's àkọ́kọ́ lórí Nicollet, tó ti wà láti 1902, ti ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bíi Macy's ní 2017.

———

Ará_Lẹ́kí:

Mo ti gbọ́ pé Gruen fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni?

———

Kọ́léńlé:

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ láìpé. Nínú àwòrán rẹ̀, mọ́ọ̀lù jẹ́ àárín gbùngbùn ìlú tuntun: ilé gbígbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọgbà àti adágún yí i ká. Ilé ìwòsàn dé lóòótọ́, Fairview Southdale ṣí ní 1965. Ìyókù kò rí bí ó ṣe fẹ́: wọ́n ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó, olúkúlùkù sì kọ́ ilé tirẹ̀ sáàárín ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀. Ó padà sí Vienna ní 1968, ó sì kú ní 1980. Kó tó kú, ó sọ ní gbangba pé òun kò ní san owó ìtọ́jú fún àwọn ọmọ àlè yẹn. Lójú tèmi, ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tó fi ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí mọ́tò 5,200 yí ilé ká kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ kò ní rọ́nà wọlé. Ẹ pín in: mọ́tò mẹ́fà àbọ̀ fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí àwọn tó ń kọ́ kì í dé márùn-ún mọ́.

———

AjéWọlé:

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi wó Penney dípò kí wọ́n gé e bí wọ́n ṣe gé Dayton's àtijọ́?

———

Kọ́léńlé:

Ilé ìtajà ńlá ṣòro yí padà. Kò ní fèrèsé, torí ògiri ni wọ́n ń kó ọjà lé. Ó jìn gan-an: láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn lè tó ẹsẹ̀ bàtà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò sì lè dé àárín. Àkàbà oníná wà ní àárín gan-an, ó sì ń gé ilẹ̀ sí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ọ̀nà àbáyọ tuntun fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nítorí iná, ẹ pín mítà iná àti omi, ẹ tún ọ̀nà ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ẹ gé ojú sí òrùlé. Àwọn tó gé ti Dayton's rí i ṣe nítorí ó kọjú sí àgbàlá, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sì ṣì pọ̀ tó ń wá àyè nígbà náà. Ní 2017, kò sí ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ mọ́. Wíwó rẹ̀ dínwó ju títún un ṣe lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ ẹyọ ayálégbé kan ṣoṣo ló fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ náà.

———

Aláròyé:

Life Time, ibi ìṣeré ìdárayá. Ó ṣí ní oṣù Kejìlá 2019. Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó wá sáré lórí ẹ̀rọ máa ra aṣọ kóòtù.

———

ÌwéÀdéhùn:

Kò pọn dandan kó ra kóòtù. Ọmọ ẹgbẹ́ ibi ìdárayá ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, òǹrajà Penney kì í wá tó bẹ́ẹ̀ lóṣù. Ó ń mu kọfí, ó ń jẹun, ó ń ra sókòtò ìdárayá. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tí Ará_Lẹ́kí sọ ni, ẹlòmíràn kàn wọ bàtà rẹ̀ ni. Simon Property Group tó ni ibẹ̀ báyìí tún fi ilé gbígbé sí etí ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí.

Ohun tí mo fi ń ṣiyèméjì ni ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó ń ra bàtà máa ń wá lọ́sàn-án, kò pẹ́ tí yóò fi gbé mọ́tò lọ. Ẹni tó wá ṣe eré ìdárayá lè lo wákàtí méjì, ibi tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà náà ló sì máa ń gbà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń bínú sí i. Bí ìwé àdéhùn bá gbà, kí wọ́n ya ilẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó wọlé. Tó bá ti wọlé tán, kò ní gbà.

———

Aláròyé:

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ iye àwọn tó ń ti ibi ìdárayá bọ́ sínú mọ́ọ̀lù ní tòótọ́.

———

Kọ́léńlé:

Ẹ kà wọ́n ní ilẹ̀kùn tó já sínú àgbàlá, ẹ má kà wọ́n ní èyí tó kọjú síta. Ẹ kà á ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, kí ẹ sì wo ẹni tó di àpò ọjà dání nígbà tó ń padà sí mọ́tò. Iye tó ń wọ ibi ìdárayá láàárọ̀ kùtùkùtù kò sọ nǹkan kan, ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí nígbà yẹn.